Ṣúgà: Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ kan gbà láti Íńdíà dé ẹnu wa, àti ohun tó ná àwọn èèyàn wa



Bí ẹ bá wọ ọjà ní Kano tí ẹ fẹ́ ra nǹkan funfun tí wọ́n ń dà sínú ẹ̀kọ mímu tàbí tíì, "sukari" lẹ máa béèrè. Bó bá jẹ́ Ìbàdàn tàbí Èkó ni, ẹ máa ní kí wọ́n ta "ṣúgà" fún yín. Ní Onitsha, àwọn Igbo ń pè é ní "shuga". Ẹ kọjá ẹnu ibodè lọ sí Kútọnu, "sucre" ti èdè Faransé ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Ẹ tún sún síwájú dé Lomé, àwọn tó ń sọ èdè Ewe ń pè é ní "sukli". Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Ẹbí kan náà ni wọ́n, ọ̀nà tí oníkálùkù gbà wá sí agbègbè wa ló yàtọ̀.

Ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín ni àròyé kan tó ti wọ́pọ̀ jù. Ẹ ó gbọ́ kí olùkọ́ tàbí òbí sọ pé èdè wa kò tó nǹkan, pé nǹkan kékeré bíi ṣúgà, a ò lè fún un lórúkọ, àfi ká lọ yá a lọ́wọ́ òyìnbó. Irú àròyé yìí wà lára ohun tó ń mú kí àwọn kan ka èdè abínibí léèwọ̀ fún ọmọ wọn nínú ilé. Ẹ ó sì rò pé ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí lóòótọ́, àwọn baba wa kọ́ ló ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ ṣúgà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí wọn kì í béèrè: òyìnbó tí a yá a lọ́wọ́ rẹ̀, níbo lòun náà ti rí i?

Gẹ̀ẹ́sì náà yá a ni

Kó tó di nǹkan bí ọdún 1300, agbára káká ni ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi mọ nǹkan tó ń jẹ́ ṣúgà. Oyin ni wọ́n fi ń mú oúnjẹ dùn, bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá tiwa náà ṣe ń ṣe. Ìgbà tí ṣúgà dé ọ̀dọ̀ wọn, ó gbé orúkọ rẹ̀ dání. Orúkọ tí àwọn Faransé ń pè é, ìyẹn "sucre", ni wọ́n gbà, tí wọ́n sì yí i sí tiwọn títí ó fi di "sugar".

Àwọn Faransé náà kò dá a sọ. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò Ítálì, tí wọ́n ń pè é ní "zucchero", àti inú èdè Látìnì ayé ìgbà náà ló ti wá. Àwọn yẹn gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn Lárúbáwá, tí wọ́n ń pè é ní "sukkar". Àwọn Lárúbáwá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará Páṣíà, ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Ìráànù lónìí, tí wọ́n ń pè é ní "shakar". Àwọn ará Páṣíà sì rí i gbà láti Íńdíà, níbi tí èdè àtijọ́ tó ń jẹ́ Sanskrit ti ń pè é ní "śarkarā". Ibẹ̀ ni orísun rẹ̀.

Ẹ wo iye ẹnu tó gbà kọjá: Íńdíà, Páṣíà, Lárúbáwá, Látìnì pẹ̀lú Ítálì, Faransé, kó tó wá kan Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tijú pé òun yá a. Bí ohun tuntun bá dé ilé, tó sì ti ní orúkọ, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè é.

Gẹ̀ẹ́sì kan náà yìí yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tiwa náà. Ilá tí à ń sè lọ́bẹ̀, tí wọ́n ń pè ní "okra", inú èdè Igbo ni wọ́n ti mú orúkọ yẹn, láti ara "ọkwụrụ". Kò sí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n nà nílé ìwé rí torí pé ó sọ ọ̀rọ̀ Igbo.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?

Ẹlòmíràn lè ní, ṣé kì í ṣe pé àwọn ọ̀rọ̀ náà kàn jọra lásán ni? Ìbéèrè gidi ni. Ojú jọ ojú kò ní kó jẹ́ ọmọ ìyá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti rí àtẹ̀jáde lórí fóònù tó ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí báyìí, inú Yorùbá ló ti wá, nítorí pé wọ́n jọra létí. Ìjọra nìkan kò tó ẹ̀rí.

Ohun méjì ni àwọn onímọ̀ èdè máa ń wò. Àkọ́kọ́ ni egungun ọ̀rọ̀, ìyẹn àwọn kọ́ńsónáǹtì rẹ̀. Fáwẹ́lì máa ń yí padà bí aṣọ, ṣùgbọ́n egungun kì í tètè rà. Ẹ wo śarkarā, shakar, sukkar, zucchero, sucre. Ìró bíi "s" tàbí "ṣ" ló ṣáájú nínú gbogbo wọn àyàfi ti Ítálì tó le díẹ̀, "k" tẹ̀ lé e, "r" sì gbẹ̀yìn. Èkejì ni ọ̀nà. Ṣé àwọn tó ń sọ èdè wọ̀nyí bára wọn pàdé? Ṣé ọjà náà gba ọwọ́ wọn kọjá? Ní ti ṣúgà, ìtàn òwò àti ìtàn ọ̀rọ̀ bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò pẹ̀lú àwọn èdè tiwa. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan mẹ́ta ló ṣẹlẹ̀ sí i. "K" di "g". "S" tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ di ìró "ṣ", bó tilẹ̀ jẹ́ pé "s" ni wọ́n ṣì ń kọ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ará Britain dẹ́kun pípe "r" tó wà ní ìparí. Ẹ wá wo "ṣúgà" ti Yorùbá: "ṣ" wà níbẹ̀, "g" wà níbẹ̀, "r" kò sí. Bí àmì ìtẹ̀ka ló rí. Ẹnu òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la ti gbọ́ ọ, etí la sì fi kọ ọ́, a ò wo ohun tó wà nínú ìwé wọn.

Ẹ wá gbé "sukari" ti Hausa sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "S" ni, kì í ṣe "ṣ". "K" ni, kì í ṣe "g". "R" sì wà ní ìdúró rẹ̀ digbí. Àmì ìtẹ̀ka Lárúbáwá nìyẹn. Èyí túmọ̀ sí pé sukari àti ṣúgà pínyà lẹ́nu àwọn Lárúbáwá. Ọ̀kan gba aṣálẹ̀ wá sí Kano, èkejì yí gbogbo Yúróòpù ká kó tó gba ojú òkun gúnlẹ̀ sí Èkó. Inú orílẹ̀-èdè kan náà ni wọ́n ti wá bára wọn pàdé.

Òkúta wẹ́wẹ́, oyin àti iyọ̀

Kí ni śarkarā túmọ̀ sí ní èdè Sanskrit kó tó di orúkọ ṣúgà? Òkúta wẹ́wẹ́ ni, irú èyí tó máa ń dà bíi yanrìn ńlá lábẹ́ ẹsẹ̀.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn ará Íńdíà wo ohun tó wà níwájú wọn. Ìrèké fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Íńdíà. Erékùṣù New Guinea, ní ìhà Pàsífíìkì, ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn ín, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, kó tó tàn ká ilẹ̀ Éṣíà. Ṣùgbọ́n ní Íńdíà ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń fún omi rẹ̀, tí a ń sè é lórí iná títí yóò fi ki, tí yóò sì dì ní wóró wóró. Wóró yẹn ló jọ òkúta wẹ́wẹ́ lójú wọn.

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Alexander ọba Makedóníà dé Íńdíà, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun rẹ̀, Nearchus, ròyìn ní nǹkan bí ọdún 325 ṣáájú ìbí Kristi pé esùsú kan wà níbẹ̀ tó ń mú oyin jáde láìsí oyin tó ń fò. Lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn, oníṣègùn Gíríìkì kan tó ń jẹ́ Dioscorides ṣàpèjúwe ohun tó pè ní "sakkharon". Ó fi í wé oyin tó dì, ó sì ní ó jọ iyọ̀, àní ó máa ń rún lẹ́nu bí iyọ̀. Oògùn ni wọ́n ń fi í ṣe nígbà náà. Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì yìí ni wọ́n ti wá mú orúkọ "saccharin", ohun aládùn inú yàrá àyẹ̀wò tí Constantin Fahlberg ṣàwárí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1879.

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ ká ronú sí ọ̀rọ̀ Dioscorides yẹn. Ó wo ṣúgà, ó rántí iyọ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn Yorùbá àtijọ́ pè é nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn? "Iyọ̀ òyìnbó." Àwọn àgbàlagbà kan ṣì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Oníṣègùn Gíríìkì àti ìyá ọlọ́jà Yorùbá kò mọ ara wọn rí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sì wà láàárín wọn, síbẹ̀ ohun kan náà ni ojú wọn rí.

Nítorí náà, irọ́ ni pé èdè wa kò lè fún un lórúkọ. Ó fún un lórúkọ, orúkọ náà sì bọ́gbọ́n mu. Ohun ọ̀gbìn náà pàápàá ní orúkọ tí kò bá Gẹ̀ẹ́sì tan rárá: Yorùbá ń pè é ní ìrèké, Hausa ń pè é ní "rake". Ṣúgà kàn rọ́wọ́ mú ju iyọ̀ òyìnbó lọ nígbà tó yá ni, nítorí pé ọjà ni ọ̀rọ̀ náà bá wọlé, ọjà kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà aṣálẹ̀

Láàárín ọdún 600 sí 700, àwọn Lárúbáwá ṣẹ́gun Páṣíà, wọ́n sì bá ìrèké àti ọgbọ́n ṣíṣe ṣúgà níbẹ̀. Wọ́n gbé e kiri: Íjíbítì, Mòrókò, Sísílì, títí dé Sípéènì. Ibi tí wọ́n gbìn ín sí náà ni orúkọ rẹ̀ fìdí múlẹ̀ sí.

Ní Sípéènì àti Pọ́túgàl, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò tètè mọ̀. Lárúbáwá máa ń fi "al" ṣáájú ọ̀rọ̀, ó sì máa ń di "as" bí "s" bá tẹ̀ lé e. Àwọn ará Sípéènì kò mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni "as", ọ̀tọ̀ ni "sukkar", wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó di "azúcar". Ti àwọn Pọtogí di "açúcar". Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àlùbọ́sà tiwa gan-an nìyẹn. "Al-basal" ni Lárúbáwá, Hausa sọ ọ́ di "albasa", àwa gbà á lọ́wọ́ Hausa, ó di àlùbọ́sà. "Al" Lárúbáwá ló wà níwájú rẹ̀ títí di òní tí à ń gé e sínú ọbẹ̀.

Ọ̀nà tí àlùbọ́sà gbà wá ni sukari gbà. Àwọn oníṣòwò tó ń fi ràkúnmí la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, àti àwọn ààfáà tó ń kọ́ èdè Lárúbáwá, ni wọ́n kó irú ọ̀rọ̀ báwọ̀nyí dé ilẹ̀ Hausa.

Ṣúgà kò sì jẹ́ ohun kékeré ní òdìkejì aṣálẹ̀ náà. Ní Mòrókò, Ọba Ahmad al-Mansur kọ́ ààfin kan tó ń jẹ́ El Badi sí Marrakesh. Ìtàn ní ṣúgà ni wọ́n fi san owó mábù tí wọ́n kó wá láti Ítálì fún ààfin náà. Ọba yìí kan náà ló rán àwọn ọmọ ogun oníbọn kọjá aṣálẹ̀, tí wọ́n ṣẹ́gun ilẹ̀ ọba Songhai ní Tondibi, nítòsí odò Niger, lọ́dún 1591.

Ọ̀nà omi

Èyí ni ibi tó korò nínú ìtàn ohun tó ń dùn.

Láàárín ọdún 1400 sí 1500, àwọn Pọtogí gbin ìrèké sí erékùṣù Madeira. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lọ sí São Tomé, erékùṣù tó wà nínú òkun ìhà gúúsù tiwa níbí. Ní São Tomé, wọ́n kó àwọn ará Áfíríkà lẹ́rú láti orí ilẹ̀, wọ́n fi wọ́n sóko ìrèké. Ètò yẹn ni wọ́n gbé sọdá Àtìláńtíìkì lọ sí Bràsíìlì, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti àwọn mìíràn sì fara wé ní Barbados, Jamaica, Haiti àti Kúbà.

Ìrèké kì í dúró. Bí wọ́n bá ti gé e, àfi kí wọ́n fún un láàárín ọjọ́ kan sí méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi rẹ̀ á kan. Nítorí náà, lásìkò ìkórè, ẹ̀rọ ìfúnrèké kì í sinmi tọ̀sán tòru. Ẹni tó ti rẹ̀, tó ń tòògbé, ló ń ti ìrèké bọ ẹnu ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, àáké wà nítòsí tí wọ́n á fi gé apá náà kó má baà fa gbogbo ara rẹ̀ wọlé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni ilé ìgbóná tí wọ́n ti ń se omi ìrèké nínú ìkòkò ńláńlá.

Àwọn onímọ̀ tó ka àkọsílẹ̀ ọkọ̀ ojú omi ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 12.5 èèyàn ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ ẹrú láti Áfíríkà sọdá Àtìláńtíìkì. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.7 ló gúnlẹ̀ láàyè. Bràsíìlì nìkan gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.9. Kì í ṣe ìrèké nìkan ni wọ́n ń fi wọ́n gbìn, ṣùgbọ́n kò sí irè oko tó gbé èèyàn mì bíi tirẹ̀.

Àwọn èèyàn wa wà níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọba Ọ̀yọ́ wó, tí ogun sì gba ilẹ̀ Yorùbá kan lẹ́yìn ọdún 1800, wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ sí Bahia ní Bràsíìlì, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní "nagô", àti sí Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní "lucumí". Kúbà nígbà náà ń ṣe ṣúgà púpọ̀ fún títà sí òkè òkun. Ọdún 1886 ni Kúbà tó fòpin sí òwò níní ẹrú, Bràsíìlì ṣe tirẹ̀ lọ́dún 1888.

Àwọn kan jà. Ọdún 1791 ni àwọn ẹrú oko ìrèké ní Haiti dìde, tí wọ́n sì gba òmìnira orílẹ̀-èdè wọn lọ́dún 1804. Lọ́dún 1791 kan náà, William Fox tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde ní Lọ́ńdọ́nù, tó rọ àwọn ará Britain láti má ra ṣúgà tí ẹrú ṣe mọ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu, tí wọ́n ń mu tíì láìsí ṣúgà.

Ẹ wá so ó pọ̀. Ohun tó sọ ṣúgà di nǹkan tí mẹ̀kúnnù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè rà, tó fi di ohun ojoojúmọ́ lẹ́nu wọn, ni iṣẹ́ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Nígbà tí àwọn oníṣòwò Britain wá gbé ṣúgà pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ dé etíkun wa, a rò pé ọjà òyìnbó la ń rà. Òógùn àwọn tí wọ́n kó ní etíkun yìí kan náà ló wà nínú rẹ̀.

Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

Títí dòní, ṣúgà ń ti Bràsíìlì bọ̀ wá bá wa. Bràsíìlì ni ọ̀pọ̀ jùlọ ṣúgà pupa tí wọ́n ń fọ̀ ní Nàìjíríà ti ń wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iléeṣẹ́ ṣúgà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Bacita, ní ìpínlẹ̀ Kwara, láti ọdún 1964. Níbi ìkómọjáde, ṣúgà wà nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ oyin, iyọ̀ àti ìrèké, tí à ń fi ṣàdúrà kí ayé ọmọ dùn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà nínú orúkọ àìsàn tó ń dẹ́rù bani: ìtọ̀ ṣúgà. Àwọn ará Íńdíà àtijọ́ ti mọ àìsàn yìí, "madhumeha" ni wọ́n pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìtọ̀ oyin. Nítorí àìsàn yìí wà lára ohun tí ìjọba Nàìjíríà tọ́ka sí nígbà tó fi owó orí ₦10 sórí lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà, nínú òfin ìṣúná ọdún 2021.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ kò pọ̀. Èdè tó yá ọ̀rọ̀ kì í ṣe aláìní. Bó bá jẹ́ pé yíyá ni àìní, Gẹ̀ẹ́sì ló tòṣì jù láyé. Nígbà tí ọmọ bá sọ ṣúgà, àlùbọ́sà tàbí ọ̀rọ̀ mìíràn tó ti òkèèrè wá, ẹ má fi í ṣe ẹ̀sín, ẹ má sì fi èdè rẹ̀ ṣe ẹ̀sín. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: ta ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wá? Ọ̀nà wo ló gbà? Kí ló ná àwọn tó gbé e? Ẹ jẹ́ kó fi egungun ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rí, kó má fi ìjọra lásán ṣe é.

Ọmọ tó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yẹn lórí ṣúgà nìkan ti kọ́ ìtàn Íńdíà, ti Lárúbáwá, ti Kano, ti Ọ̀yọ́ àti ti Bahia pọ̀, èdè abínibí rẹ̀ ló sì fi kọ́ ọ.